Aṣọ Ìbora Alábùlẹ̀ Tí Ó Wà Nínú Yàrá Ìránṣọ

Bí ẹ bá yà sí yàrá ìránṣọ ilé-ìwé wa lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ẹ ó rí aṣọ kan lórí tábìlì gígùn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó gùn tó láti bo ọmọdé láti èjìká dé orúnkún, ṣùgbọ́n kò tíì tó bo ẹsẹ̀, nítorí pé ìlà 8 péré ni a ti rán nínú ìlà 13 tí ó yẹ kí ó ní. Ẹni tí ó bá ti rí i lẹ́ẹ̀kan, bí ó bá tún padà wá lẹ́yìn oṣù kan, ìbéèrè kan náà ni yóò bi wá: "Ẹ kò tíì ṣe é tán?" A kò tíì ṣe é tán. Olóòtú ìwé yìí ni ó ní kí a kúkú kọ ọ́ sílẹ̀, kí a ṣàlàyé ohun tí aṣọ náà jẹ́, bí a ti ń ṣe é, àti ohun tí ó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwa méje ni a dáwọ́ lé e. Mẹ́rin nínú wa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, méjì jẹ́ òbí, ẹnì kan sì jẹ́ olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́. Èrò wa ni láti rán aṣọ ìbora kan fún ibùsùn tí ó wà nínú yàrá ìtọ́jú aláìsàn, níbi tí ọmọ tí ibà bá dá dùbúlẹ̀ máa ń wà títí òbí rẹ̀ yóò fi dé. Gbogbo àwa tí a gbé inú ọgbà ilé-ìwé rí ni a mọ ibùsùn náà. Òtútù ibà kì í mọ̀ pé oòrùn ń ràn lóde, àwa tí ó sì ti mú rí níbẹ̀ kò gbàgbé kúbùsù aláwọ̀ eérú kan tí ó máa ń gún ni lára bí èèsún. A fẹ́ kí ọmọ tí yóò dùbúlẹ̀ síbẹ̀ lónìí rí ohun tí a fi aṣọ àwọn tí ó ti ṣáájú rẹ̀ ṣe. A sì fẹ́ kí ó parí kí ọjọ́ àjọ̀dún tó pé.

Orúkọ tí a fún un, alábùlẹ̀, lè ṣi ẹlòmíràn lọ́nà. Nínú èdè wa, ibi tí ó ya ni à ń lẹ̀. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ bá fàya ni ó ń wá àbùlẹ̀ kiri. Eléyìí kò ní aṣọ kankan nísàlẹ̀ tí ó ya. Àbùlẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ láti òkè dé ilẹ̀: ègé aṣọ kéékèèké tí a gé lọ́gbọọgba, tí a rán etí wọn mọ́ ara wọn títí wọ́n fi di odidi. Lẹ́yìn náà ni a ó tẹ́ ohun tí ó nípọn díẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, a ó tún fi aṣọ mìíràn ṣe ìsàlẹ̀, a ó sì fi òwú so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà tí a ní kí olúkúlùkù wa lọ wo inú àpótí rẹ̀ ni a rí i pé òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tí ó kéré jù nínú wa mú ègé mẹ́ta wá, gbogbo wọn sì jẹ́ aṣọ ẹbí ọdún méjì sẹ́yìn. Ẹni tí ó dàgbà jù gbé àpò ìrẹsì kan wá, ó kún dé ẹnu, ó sì lè sọ ọjọ́ tí ó ra ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ẹni tí ó bá a ná an.

Àwọn kan ti sọ fún wa pé àṣà òyìnbó ni. Kí a tó gbà fún wọn tán, ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ òkè. Pẹlẹbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó ti orí òfì jáde, tí ìbú rẹ̀ kò ju nǹkan bí íǹṣì 4 lọ. Aránṣọ ni yóò gé e, tí yóò rán etí mọ́ etí, títí yóò fi di agbádá fún bàbá tàbí ìró fún ìyá. Ìró àdìrẹ ayé ìgbà kan, abala méjì ni wọ́n rán pọ̀ kí ó tó fẹ̀ tó ìdí obìnrin. Nítorí náà kò sí ohun àjèjì nínú kí a fi kékeré kó ńlá jọ. Ohun tí ó ṣàjèjì sí wa ni kí a mú ègé tí kò bá ara wọn tan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ilé tirẹ̀ wá, kí a tò wọ́n síbi kan láìfi ibi tí wọ́n ti wá pamọ́.

Irú èyí tí a ń rán, láti Amẹ́ríkà ni ó ti tọ̀ wá wá. Ọ̀kan nínú wa lọ bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun níbẹ̀, ó sì rí irú rẹ̀ lórí ibùsùn aládùúgbò wọn. Bí ó ti padà dé, kò sọ̀rọ̀ òtútù ibẹ̀ tó bí ó ti sọ̀rọ̀ aṣọ náà. Láti ẹnu rẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa Gee's Bend, abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Alabama, níbi tí odò ti ṣẹ́ kọ́rọ́ yí ilẹ̀ kan ká. Ọmọ-ọmọ àwọn ẹrú tí ó ṣiṣẹ́ nínú oko òwú níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ará abúlé náà. Pettway, tí í ṣe orúkọ ẹni tí ó ni oko náà nígbà kan rí, ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń jẹ́ títí di òní. Ní 1962, ní àkókò tí àwọn ènìyàn dúdú ń jà fún ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n dá ọkọ̀ ojú omi tí ó ń gbé wọn sọdá dúró. Ó di 2006 kí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tó padà. Àwọn obìnrin abúlé yìí a máa ṣiṣẹ́ oko, wọn a dáná, wọn a tọ́mọ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni wọn a tó mú abẹ́rẹ́. Aṣọ iṣẹ́ tí ó ti gbó ni wọ́n ń gé, torí pé òtútù ń gba inú ògiri ilé wọn wọlé. Ní 2002 ni wọ́n gbé àwọn aṣọ náà lọ fún àfihàn ní Houston àti New York, tí àwọn tí ó mọ iṣẹ́ ọnà sì ń wò wọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán ńlá.

Ṣáájú wọn ni Harriet Powers ti wà, ẹni tí a bí sínú oko ẹrú ní Georgia ní 1837. Ó gé àwòrán ènìyàn àti ẹranko láti ara aṣọ, ó rán wọn mọ́ aṣọ ìbora kan, ó sì fi wọ́n sọ ìtàn Bíbélì: Ádámù àti Éfà nínú ọgbà, Kéènì àti Ébẹ́lì, àlá Jákọ́bù, ìrìbọmi Jésù, títí dé orí àgbélébùú. Àwọn onímọ̀ kan ti fi àwọn àwòrán yìí wé iṣẹ́ àwọn aránṣọ Abomey ní ilẹ̀ Benin, tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ wa níhìn-ín. Ní 1886, olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà rí aṣọ náà níbi ìpàtẹ kan, ó fẹ́ rà á, obìnrin náà kò sì tà á. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ìyà dé sí ilé rẹ̀, ó sì tà á ní dọ́là 5, ìdajì iye tí ó kọ́kọ́ bù lé e. Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀: ó padà wá wò ó lọ́pọ̀ ìgbà ní ilé ẹni tí ó rà á. Washington ni aṣọ náà wà báyìí, nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ti orílẹ̀-èdè wọn.

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí tábìlì tiwa. Fífọ̀ ni ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, òun sì ni àwọn ènìyàn máa ń fò. Ègé tí ó dé ọwọ́ wa kò jọra: àǹkárá, àdìrẹ, gínnì, aṣọ ilé-ìwé àtijọ́ tí ó ti ṣá, àti àwọn pẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí àwọn aránṣọ ìtòsí gbá jọ fún wa. Àdìrẹ tí a fi ẹlú pa láró yóò tú aró sínú omi, bí a kò bá sì fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀ títí omi rẹ̀ fi mọ́, aṣọ funfun tí ó bá jókòó tì í yóò di aláró lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ odidi rẹ̀. Èyí tí ó tún ṣe pàtàkì ju aró lọ ni súnkì. Òwe tí Jésù pa nípa ẹni tí ó fi aṣọ tuntun lẹ ògbólógbòó ẹ̀wù, láti kékeré ni wọ́n ti ń wàásù rẹ̀ fún wa bí ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Orí tábìlì yìí ni a ti mọ̀ pé ẹni tí ó pa á mọ iṣẹ́ aránṣọ. Aṣọ tuntun tí omi kò tíì kàn yóò súnkì nígbà tí a bá fọ̀ ọ́; ògbólógbòó tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ti súnkì tirẹ̀ tán lọ́jọ́ pípẹ́, kò sì ní agbára tí yóò fi bá a fa ìjà. Yóò ya ni. Nítorí náà, gbogbo ègé, àti tuntun àti àlòkù, ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná fọ̀, kí a sá a, kí a sì lọ̀ ọ́ kí àlùmọ́gàjí tó kàn án.

Léèsì kò wúlò fún iṣẹ́ yìí nítorí ihò ara rẹ̀. Aṣọ òkè wúwo jù, etí rẹ̀ sì máa ń tú. Ìyá kan bínú sí wa nígbà tí a dá ègé aṣọ òkè ìgbéyàwó rẹ̀ padà, a sì gbà pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. A bẹ̀ ẹ́, a fi ègé náà ṣe àpò tí a ń kó abẹ́rẹ́ sí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Gígé ni ó kàn. A gé páálí líle kan ní íǹṣì 6 ààbọ̀ níbùú àti lóròó, a ń gbé e lé orí aṣọ, a ń fi ṣọ́ọ̀kì tọ etí rẹ̀, a sì ń gé e. Nígbà tí a bá rán ègé méjì pọ̀, ìdámẹ́rin íǹṣì ni yóò wọ inú rírán ní etí kọ̀ọ̀kan, tí ègé yóò fi ku íǹṣì 6 geere. Ègé 10 ní ìbú, ègé 13 ní gígùn, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 130. Aṣọ náà yóò sì jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 5 ní ìbú àti ẹsẹ̀ bàtà 6 ààbọ̀ ní gígùn, èyí tí ó tó ibùsùn ẹnì kan. Ẹni tí ó bá rò pé ìdá mẹ́jọ íǹṣì kò jẹ́ nǹkan kan, kí ó gé ègé 10 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kéré, kí ó rán wọn pọ̀, kí ó sì gbé ìlà náà sí ẹ̀gbẹ́ èyí tí ó pé. Yóò fi íǹṣì 1 àti díẹ̀ kúrú, kò sì sí fífà tí yóò fà á tí àwọn etí yóò fi ṣe déédéé.

Nísinsin yìí ni a dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí a ti kọ́ wa nínú ilé-ìwé yìí. Ojú rírán kúkúrú 9 ni ó wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan. Ní ìlà 13, ó di 117. Bí a bá fi ọwọ́ rán an dáadáa, ojú kan a máa gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ìyẹn jẹ́ wákàtí 19 ààbọ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó so àwọn ìlà pọ̀: ojú gígùn 12, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ íǹṣì 60, bí a bá sì fi ìwọ̀n kan náà ṣírò rẹ̀, wákàtí 20 ni. Àpapọ̀ rẹ̀ kò pé wákàtí 40. Òṣìṣẹ́ ìjọba ń ṣe bẹ́ẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Kí ni ó wá dé tí odidi ọdún fi kọjá lórí wa?

Ohun tí ó dé ni pé kò sí ẹni tí ó fún wa ní wákàtí 40. Ìṣẹ́jú 20 níhìn-ín, ìṣẹ́jú 15 lọ́hùn-ún ni wọ́n fún wa. A ti bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ oníná, iná lọ ní ìlà kìíní. A padà sí ọwọ́. Ọjọ́ Àbámẹ́ta méjì-méjì lóṣù ni a fi ìpàdé sí, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ Ọjọ́ Àbámẹ́ta ní ilẹ̀ wa? Ìgbéyàwó ń bẹ, ìsìnkú ń bẹ, ìsọmọlórúkọ ń bẹ, aṣọ ẹbí sì ti wà nílẹ̀ tí ènìyàn kò lè sọ pé òun kò ní lọ. Bí a bá jókòó tán, òjò a ṣú, ẹni tí ó sá aṣọ tàbí ẹ̀lùbọ́ sílé a dìde. Ọmọ a dé láti ibi ẹ̀kọ́ àfikún, ebi a máa pa á. Ọkọ a pè pé òun kò rí kọ́kọ́rọ́. Oníbàárà a tẹ̀lé ọ̀kan nínú wa dé ẹnu ilẹ̀kùn yàrá ìránṣọ pẹ̀lú owó lọ́wọ́, oúnjẹ ilé sì ni owó náà. Ní àsìkò ìdánwò, olùkọ́ àárín wa a sin ara rẹ̀ sábẹ́ òkìtì ìwé ìdáhùn, a kì í rí i títí wọ́n yóò fi gbàgbà. A kò ka ìwọ̀nyí sí ọ̀tá. Ayé tí a ń gbé ni wọ́n.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, a máa ń kanra. A rò pé tí gbogbo ìdíwọ́ bá kúrò nílẹ̀ ni a ó tó ṣe iṣẹ́ gidi. Ìdíwọ́ kan kò kúrò. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí a ti rán ìlà kan ṣoṣo, a jókòó, a sì tún ètò wa ṣe láti ìpìlẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí í to iṣẹ́ náà bí ẹni tí ó mọ̀ pé wọ́n ń bọ̀ wá pe òun. Èyí ni a fẹ́ kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ fi sọ́kàn, nítorí pé àwọn ìwé tí ó ń kọ́ni ní rírán kì í sábà sọ ọ́.

Gígé ń fẹ́ tábìlì, ìmọ́lẹ̀ àti ọkàn tí kò pínyà. Nítorí náà, òun nìkan ni a ń ṣe ní ìpàdé, nígbà tí a bá pé mẹ́ta ó kéré tán. Rírán kò fẹ́ tábìlì. A di ègé mẹ́wàá mẹ́wàá sínú ọ̀rá kékeré, a fi abẹ́rẹ́ kan, òwú, àlùmọ́gàjí kékeré àti páálí tí a kọ nọ́ńbà ìlà sí tì í, olúkúlùkù sì ń gbé tirẹ̀ lọ nínú àpò ọwọ́. A ti rán ìlà kẹrin níbi tí a ti ń dúró de dókítà. Apá kan nínú ìlà karùn-ún, inú ọkọ̀ ni, lójú ọ̀nà tí sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ ti mú. Bí wọ́n bá pe ènìyàn, kì í fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀ láàrin ojú rírán; yóò yí òwú lẹ́ẹ̀mejì sí ibi tí ó dé, yóò sì fi abẹ́rẹ́ gún ègé tí ó kàn, kí ọwọ́ lè bá ojú mọ ibi tí ìrìn ti dúró nígbà tí ó bá padà. Ṣáájú kí ó tó sùn, yóò ki òwú bọ abẹ́rẹ́ ọ̀la, nítorí pé ìṣẹ́jú 15 tí ó bá yọjú lọ́la kò gbọdọ̀ fi márùn-ún wá ojú abẹ́rẹ́.

Ẹ̀kọ́ tí ó dùn wá jù ni ìlà kẹfà. A ti ibi ìsìnkú kan dé ní ìrọ̀lẹ́, ó rẹ̀ wá, a sì rò pé kí ọjọ́ náà má lọ lásán. A rán ègé 10 pọ̀ lábẹ́ fìtílà. Ní òwúrọ̀, a rí i pé ẹ̀yìn mẹ́rin nínú wọn ni ó kọjú síta. Títú òwú kúrò láìfa aṣọ ya gbà wá ní ìlọ́po mẹ́ta àkókò tí a fi rán an. Láti ìgbà náà ni a ti fẹnu kò pé ẹni tí ó bá rẹ̀ máa lọ sùn ni.

Ẹnì kan láàrin wa rán wa létí Jáírù, olórí sínágọ́gù, tí ọmọ rẹ̀ ń kú lọ, tí Jésù sì ń tẹ̀lé e lọ sílé rẹ̀ kíákíá, kí obìnrin kan tó fọwọ́ kan ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó dúró. Ó béèrè ẹni tí ó fọwọ́ kan òun, ó sì gbọ́ ti ẹnu obìnrin náà. A sábà máa ń ka ìtàn náà láti ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn. Àwa tí abẹ́rẹ́ wà lọ́wọ́ wa bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó láti ọ̀dọ̀ Jáírù, ẹni tí ó dúró síbẹ̀ tí ó ń ka ìṣẹ́jú.

Ìdálọ́wọ́kọ́ kan wà tí a kò ní gbàgbé. Ìyá àgbàlagbà kan wọlé tọ̀ wá ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ó gbé aṣọ ilé-ìwé kan dání, odindi. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó wọ̀ ọ́ nínú ọgbà yìí, ọmọ náà sì ti di olóògbé. Káńfọ̀ ni a fi tọ́jú aṣọ náà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ìyá náà ní òun gbọ́ pé à ń gba àkísà, òun sì fẹ́ kí ọmọ òun wà níbẹ̀. Nígbà tí a mú àlùmọ́gàjí, kò lè wò ó. A gbé e sílẹ̀. A kò rán nǹkan kan lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ni a sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àwọn méjì nínú wa tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì kan náà sọ ohun tí ìyá rẹ̀ kò tíì gbọ́ rí. Ó tún wá nígbà kejì, ó tún gbé e padà lọ. Nígbà kẹta, òun fúnra rẹ̀ ni ó gé e.

Àwọn tí ó bá fẹ́ lo irú aṣọ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé èjìká àti àyà rẹ̀ ni oòrùn àti ọṣẹ ti jẹ jù. Òwú ibẹ̀ ti rọ, kò lè dúró fún rírán. A tú ìṣẹ́po ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti ká aṣọ náà sókè nítorí pé ọmọ náà ṣì ń dàgbà, a sì bá àwọ̀ rẹ̀ níbẹ̀ bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Láti ibẹ̀ ni a ti rí tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí a rán pọ̀ di ègé kan, a sì fi aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tẹ́ ẹ lábẹ́. Missouri Pettway, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin Gee's Bend tí a mẹ́nu kàn lókè, ṣe irú rẹ̀ ní 1942 nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú: ó gé àwọn aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, ó rán wọn pọ̀, ó sì ń fi wọ́n bora kí ó lè máa rántí rẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí fún ìyá náà, ó ní, "Ọlọ́run bù sí i fún òun náà." Ìlà 11 ni ó yàn fún ègé ọmọ rẹ̀. Nínú àpòòwé kan ni ó wà báyìí. Ìgbàkígbà tí ìyá bá kọjá, a máa béèrè ìlà tí a dé.

Nítorí tirẹ̀ ni àríyànjiyàn ṣe bẹ́ sílẹ̀ láàrin wa nígbà tí àjọ̀dún kù oṣù méjì. Ọ̀kan nínú wa, tí ọjà títà kò jẹ́ kí ó fi ọ̀rọ̀ gùn lásán, ní kí a gbé gbogbo rẹ̀ fún aránṣọ tí ó ní ẹ̀rọ àti jẹnẹrétọ̀. Ọjọ́ méjì ni yóò gbà á. Ó ní ọmọ tí ibà ń gbọ̀n kò ní béèrè ẹni tí ó rán aṣọ tí ó fi bora, ìyá tí ó sì ń retí ìlà 11 kì í ṣe ọmọdé mọ́. A kò rí èsì kíákíá sí i. Olùkọ́ àárín wa ní ẹ̀rọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí aṣọ náà ti wà lórí tábìlì ni àwọn ọmọ ti ń yà wá ní àsìkò ìsinmi, tí wọ́n ń rán ojú kan tàbí méjì, tí àwọn ọmọkùnrin pàápàá sì ti mọ bí a ti ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Bí a bá gbé e jáde, tábìlì á ṣófo. A lọ bá ìyá náà, a bi í. Ó ní òun lè dúró, bí a bá ti ń fi òótọ́ inú ṣe é.

Owó tí à bá fi san ti aránṣọ ni a fi ra kúbùsù tuntun méjì, tí ó rọ̀ lára, a sì gbé wọn lọ sí yàrá ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an. Ìfàsẹ́yìn wa kò gbọdọ̀ di òtútù ọmọ ọlọ́mọ. Ẹni tí ó dá àbá náà ṣì sọ pé a ṣìṣe. Kò sì tíì pa Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan jẹ.

Ìlà 5 ni ó kù. Bí wọ́n bá pé tán, a ó tẹ́ aṣọ ìsàlẹ̀ sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tí a ti gbá mọ́, ojú rẹ̀ sísàlẹ̀; a ó tẹ́ aṣọ olóbùúbùú tí ó rọ̀ lé e, nítorí pé òwú tí ó nípọn tí wọ́n ń lò ní ìlú olótùútù yóò mú ọmọ làágùn ju bí ó ti yẹ lọ; a ó sì tẹ́ aṣọ alábùlẹ̀ sókè. A ó gán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ìyẹn ni pé a ó fi òwú gbọọrọ rán wọn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n má baà yẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ní igun tí ègé mẹ́rin ti pàdé, a ó ki abẹ́rẹ́ wọlé, a ó fà á jáde, a ó sì so òwú rẹ̀ ní kókó méjì. Kókó 108 ni. Ìparí rẹ̀ ni etí tí a ó fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ ká yípo, àwọ̀ aṣọ ilé-ìwé wa ti ìsinsìnyí sì ni a ó lò.

Ní ọjọ́ àjọ̀dún, a ó gbé tábìlì náà jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn ńlá pẹ̀lú aṣọ náà lórí rẹ̀ bí ó bá ti wà. Ègé ìlà 9 yóò wà níbẹ̀, wọn yóò ti wà ní gígé, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tí a ti ki òwú bọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rán ojú kan, ìṣẹ́jú 10 ni yóò gbà á; bí ẹnì kan bá pè é kí ó tó parí, kí ó yí òwú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ó sì fi abẹ́rẹ́ gún ègé tí ó kàn, ẹlòmíràn yóò gbà á níbẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò bá fi bẹ́ẹ̀ ríran mọ́, kí ó mú awò rẹ̀ dání, nítorí ojú abẹ́rẹ́ tí a rà lọ́tẹ̀ yìí kéré.